Ayọ́kẹ́lẹ́ Tòótọ́

Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tí ń jẹ epo bẹntiróòlù, tí wọ́n wò ó bí ó ti ń kọjá láìsí ẹṣin tí ń fà á àti láìsí irin tí ó ń tọ̀, ni wọ́n fún un ní orúkọ tí gbogbo wa ń pè é títí di òní, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́; ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa, ohun tí ń bú ramúramù bí kìnnìún, tí èéfín ń rú tùù ní ìdí rẹ̀, kò yọ́ kẹ́lẹ́ rárá, àfi bí a bá fi í wé rélùwéè. Èmi kò rí ọkọ̀ tí orúkọ náà bá mu rẹ́gí títí di ọdún tí ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ra ọkọ̀ gọ́ọ̀fù àlòkù kan tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbé rìn, tí ó ní òun fẹ́ tún un ṣe kí òun lè máa fi í yí oko òun ká. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Georgia, nítorí ìlú Augusta tí ó wà níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù E-Z-GO ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, ìtòsí ibẹ̀ náà ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Club Car, sì tẹ̀dó sí.

Ó bọ́ sí àkókò tí bàbá rẹ̀ wá kí i láti Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Rewáyà ni Bàbá ní Mọ́kọ́lá fún ọdún gbọọrọ, ẹni tí Ògún ti fi irin lé lọ́wọ́ láti kékeré. Ọ̀rẹ́ mi wá bẹ̀ mí, èmi tí mo ń fi Yorùbá kọ́ni, pé kí n kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí iṣẹ́ náà, kí Bàbá lè máa bá a lọ láìsí pé a ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní gbogbo ìgbà. Mo jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n gírámà àti lítíréṣọ̀ ni ìyẹn wà fún, kì í ṣe wáyà àti irin. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí hun ọ̀rọ̀ láti inú ara mi bí alántakùn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi kò tíì wọ ilé, mo ti ń pe orúkọ.

Níbi bátìrì ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Mẹ́fà ni ó wà lábẹ́ àga ọkọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 28, ohun funfun kan bí ẹfun sì ti hù bo orí wọn débi pé a kò rí irin tí ó dè wọ́n mọ́ wáyà mọ́. Nínú ìwé mi, mo pe ásíìdì tí ó wà nínú wọn ní “omi bátìrì”, mo sì rò pé mo ti dárà. Bàbá ka ibẹ̀, wọ́n yọ awò ojú wọn.

“Tíṣà, ta lo fẹ́ pa?”

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Omi bátìrì ni èyí tí à ń rà nínú ike, tí à ń fi kún un bó bá ti ń gbẹ. Ásíìdì ni èyí tó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ka ìwé rẹ yìí, ásíìdì ni yóò máa rọ lé ásíìdì, tàbí kó rò pé omi ni, kó fi bọ́jú.”

Òtítọ́ ni. Bí bátìrì bá ń gba iná, omi inú rẹ̀ ni ń di afẹ́fẹ́ tí ń fò lọ, ásíìdì kì í lọ. Omi mímọ́ gaara tí kò ní iyọ̀ kankan nínú ni a sì fi ń dí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù rewáyà ti ń lò fún ohun kan láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo jí gbé, tí mo fi sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣì mú dípò rẹ̀ lórúkọ. Ẹfun tí ó wà lórí rọrùn láti fi sódà àti omi wẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n bátìrì tí ó bá ti wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba iná, òjé inú rẹ̀ a máa hu ẹfun tirẹ̀, èyí tí ó le koránkorán tí kì í jẹ́ kí ásíìdì fara kan òjé mọ́. “Ẹfun inú” ni Bàbá pe ìyẹn, láìronú rárá, mo sì fi ìlà pa èyí tí mo ti fi odindi ọ̀sán kan ṣẹ̀dá rẹ́.

Ìdérí mẹ́ta ni ó wà lórí bátìrì kọ̀ọ̀kan. “Ojú” ni Bàbá ń pe yàrá tí ìdérí kọ̀ọ̀kan bò: “Ojú kan ti kú nínú èyí.” Ojú kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fóòtì 2 wá, nítorí náà ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè ka ojú kí ó sì mọ agbára: olójú mẹ́ta jẹ́ fóòtì 6, olójú mẹ́rin jẹ́ fóòtì 8. A kó àwọn àtijọ́ kúrò, a kó olójú mẹ́rin mẹ́fà sí ààyè wọn, 36 sì di 48 láìfi bátìrì kan kún un. Ọ̀nà tí a gbà so wọ́n pọ̀ ni mo ti pè ní “àsokọ́ra alátẹ̀léra”, ọ̀rọ̀ tí ó gùn tí kò sì sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. Ọmọdé tí ó bá ti ki òkúta bátìrì sínú tọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé orí èyí ni yóò kan ìdí ìyẹn: orí-sí-ìdí, ó parí. Bí a bá fẹ́ kí fóòtì dúró sójú kan, kí iná kàn máa pẹ́ sí i, orí-sí-orí ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó kù sí bí a bá ṣe gbá ọwọ́ náà jọ.

Fóòtì àti áḿpù, n kò dán an wò láti túmọ̀ wọn. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n, Volta ará Ítálì àti Ampère ará Faransé. A kì í túmọ̀ orúkọ olórúkọ.

Àpótí irin kékeré tí ń díwọ̀n iná fún ẹ́ńjìnì gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ṣe tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ni ó fa àríyànjiyàn jù. (Ẹ́ńjìnì ni mo pè é, nítorí mọ́tò, lẹ́nu wa, odindi ọkọ̀ ni.) “Adarí” ni mo kọ́kọ́ kọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè wí, ṣùgbọ́n kí ni ó ń darí, nígbà tí kò lè yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì? Bàbá ní ìyá olóúnjẹ ni nǹkan náà jọ lójú àwọn, tí ń bu àmàlà fún oníbàárà, ìgbakọ kan, ìgbakọ méjì, bí owó rẹ̀ bá ṣe mọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: kì í tú iná sílẹ̀ gbàà, ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí a tó ṣẹ́jú. Ìgbakọ iná ni mo kọ. Èyí tí ó bá ọkọ̀ náà wá, áḿpù 300 ni ó lè bù. Tuntun tí a fi rọ́pò rẹ̀ lè bu 500, ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, nítorí náà a yọ àwọn wáyà tín-ín-rín kúrò, a sì fi èyí tí ó nípọn bí ìka ọwọ́ sí i kí wọ́n má baà yọ́.

Irin tí a fi gbé ara ọkọ̀ ga ní íńṣì 6 kí táyà ńlá lè gba abẹ́ rẹ̀, bàtà gogoro ni Bàbá pè é, mo sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Táyà, tí ó jẹ́ íńṣì 18 tẹ́lẹ̀, wá di 22. Bí táyà bá sì ti ga tó ni ẹ́ńjìnì ń làágùn tó kí ó tó gun òkè, ìdí nìyẹn tí ìgbakọ ńlá fi ní láti ṣáájú bàtà gogoro.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá fi dù mí. Ohun tí ń dún “kọ́” lábẹ́ àga kí ọkọ̀ tó ṣí, tí ń ṣílẹ̀kùn fún iná, mo fẹ́ pè é ní oníbodè, ó sì dùn létí mi. “Sólínọ́ídì ni,” ni Bàbá wí. “Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀.” Mo fi í sílẹ̀, bí mo ti fi bátìrì àti táyà àti wáyà sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó kù. Mo ti tọ́jú “afigbóṣọ̀nà” pamọ́ fún un, orúkọ tí ó jọ oríkì ọdẹ, mo sì ń dúró de àkókò tí n óò fi í han Bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, mo wà á gba àárín àwọn igi páìnì, lórí ilẹ̀ amọ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí. Ìró táyà lórí ewé nìkan ni a ń gbọ́. Àgbọ̀nrín mẹ́ta ń jẹko níwájú, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ̀kan tó gbé orí sókè. Mo na ọwọ́ sí fèrè. Bàbá gbá ọwọ́ mi mú.

“Ayọ́kẹ́lẹ́ ni, Tíṣà,” ni wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Jẹ́ kó yọ́.”