Kí Ni Kò Kú?

Àkókò tó wà lára fọ́tò inú fóònù mi, àti ìwé tí mo ń kọ nǹkan táǹkì sí, ni mo fi to ọjọ́ náà pa dà. Sátidé ni, nínú oṣù kọkànlá, ní ilé wa ní Woolwich, ní gúúsù ìlà-oòrùn London.

Aago 5:40 ìdájí

Iná táǹkì kò tíì tàn. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi wo inú omi. Iyùn Acropora elésè àlùkò tí mo ti ń tọ́ láti ọdún mẹ́ta, tí kò ju ìka ọmọdé lọ nígbà tí mo rà á, ti funfun báláú láti ìdí dé ìdajì ẹ̀ka. Mo sún mọ́ gíláàsì. Ẹran ara rẹ̀ ń bọ́ sínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí awọ ara tí omi gbígbóná jó.

Òun ni iyùn kọkànlá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀tọ̀ ni kí àwọ̀ iyùn ṣí, ọ̀tọ̀ ni kí ẹran ara rẹ̀ bọ́. Iyùn kì í ṣe òkúta, kì í ṣe ewéko. Ẹranko ni: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu kéékèèké tó jọ ń gbé lórí egungun kan ṣoṣo tí wọ́n fúnra wọn kọ́. Inú ẹran ara wọn ni àwọn ewé omi tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn ewé yìí ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún ẹranko náà, àwọn ló sì ń fún un ní púpọ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé wọn jáde, á funfun, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ á ṣì wà, ó sì lè sàn. Èyí tó wà níwájú mi kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ó ń kú ni.

Àwa tí a mọ iyùn lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó, ó ṣòro fún wa láti rò pé ó ti jẹun rí. Iyùn pupa tí ìyá mi àgbà fi sílẹ̀ fún mi wà nínú àpótí ní yàrá kejì. Òkun Mẹditaréníà ni a ti ń kó irú rẹ̀ wá láti ayébáyé, irú tèmi sì yàtọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹranko ni àwọn méjèèjì, ìbátan sì ni wọ́n.

Aago 6:10

Mo wọn omi. Alkalinity 8.1 dKH, calcium 420, magnesium 1,320, nitrate 5, phosphate 0.06, ìgbóná 25.4. Ẹni tó bá ń sin iyùn mọ̀ pé omi tó dára nìyí. Nọ́ńbà tó dára yìí gan-an ló ti ṣì mí lọ́nà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní mo dín iná kù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán iodine sí i. Lẹ́yìn náà mo ra oúnjẹ iyùn olówó ńlá, mo ń dà á sí i ní alaalẹ́. Bí mo ṣe ń da nǹkan sí i ni iyùn ń kú, ohun tí mo dà sí i sì ń bo ipasẹ̀ ohun tó ń pa wọ́n.

Aago 7:20

Ohun èlò tí mo fi ń wo iyọ̀, awò kékeré tí à ń gbé sójú, sọ pé 35, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan, bíi ti òkun. Omi tí kò ní iyọ̀ rárá ni mo ti máa ń fi tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo kán omi ìdánwò tí wọ́n ti pò sí 35 gẹ́lẹ́ sí i. Ó kà á sí 37. Omi mi kò ju 33 lọ, n kò sì mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Inú mi dùn. Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ olè.

Aago 9:05

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan ní Manchester tó ti ń sin iyùn ju ogún ọdún lọ.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pè yín lówùúrọ̀.”

“Káàárọ̀, àbúrò. Ṣé àlàáfíà ni?”

Mo ka òkú fún wọn lẹ́sẹẹsẹ. Mo sọ ti iyọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Iyọ̀ 33 kò dáa, tún un ṣe. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pa wọ́n. O ti sọ ohun tó kú. Kí ni kò kú?”

“Ẹja kankan kò kú, sà. Gbogbo wọn ń jẹun dáadáa.”

“Edé ńkọ́?”

“Mi ò rí i láti bí ọjọ́ mélòó kan.”

“Ìgbín?”

Mo dákẹ́. Lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, mo ti kó ìkarahun ìgbín méje jọ sínú abọ́. Mo ti rò pé ọjọ́ ogbó ni. Mo padà wo ọjọ́ tó wà lórí fọ́tò: ìgbín mẹ́ta ti kú ṣáájú kí iyùn kìíní tó kú. Iyùn nìkan ni mo ń kà, torí pé iyùn ni mo fẹ́ràn.

“Gbọ́ mi,” ni wọ́n wí. “Àrùn iyùn kì í pa ìgbín. Kòkòrò tó ń jẹ iyùn kì í pa edé. Bí omi bá gbóná jù tàbí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kéré jù, ẹja ò ní máa jẹun. Májèlé ló wà nínú omi yẹn, irú èyí tí ẹja lè fara dà. Ṣé o ti lo oògùn ẹja níbẹ̀ rí?”

Bàbà ni wọ́n ń rò, ìyẹn bàbà irin, kì í ṣe ọkà bàbà. Àwọn tó ń tọ́jú ẹja tí kòkòrò wọ̀ lára máa ń fi bàbà sínú omi rẹ̀ ní bí mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà kan. Ẹja á yè é. Láàárín agbami, bàbà inú omi kì í tó máíkírógíráàmù kan nínú lítà, ìyẹn ni pé oògùn yẹn ju ti agbami lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ohun tí kò ní egungun ẹ̀yìn, ìgbín, edé, iyùn, kò lè gbà á.

N kò lo oògùn kankan rí, tuntun gbígbẹ ni mo sì ra àpáta inú táǹkì, nítorí náà bàbà kò lè ti ibẹ̀ wá.

“Nígbà náà, irin kan ló ń jẹrà nínú omi rẹ. Má da nǹkan kan sí i mọ́. Po omi iyọ̀ báyìí, torí yóò pẹ́ kó tó ṣeé lò. Kí o tó wá irin kiri, yẹ kòkòrò wò, kí ó má baà máa dùn ọ́ lọ́kàn.”

Aago 10:30

Omi iyọ̀ ti ń yí nínú àgbá, lítà 75, ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì, pẹ̀lú híta nínú rẹ̀. Mo ri ẹ̀ka kan tó ń ṣàìsàn bọ inú omi oògùn kòkòrò, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Aràn pẹlẹbẹ tó ń jẹ Acropora máa ń fi ojú eyín róbótó sí ara rẹ̀, á sì yé ẹyin sí ibi tí egungun ti hàn. Kò sí ojú eyín, kò sí ẹyin, kò sí aràn tó bọ́ sísàlẹ̀ abọ́.

Aago 12:15 ọ̀sán

Mo wọn omi tí mo ń sẹ́. Omi ẹ̀rọ London le, ẹfun inú ilẹ̀ ló ń bá a wá, páìpù bàbà ló sì ń gbà wọ ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà a kì í dà á sí táǹkì iyùn láì sẹ́ ẹ. Òdo ni ìwọ̀n omi tí asẹ́ mi sẹ́ jáde.

Nígbà tí mo jókòó jẹ búrẹ́dì, mo rántí ibi tí ìfẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Horniman Museum wà ní Forest Hill, kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Project Coral lọ́dún 2012. Wọ́n ṣe àfarawé òṣùpá, ìgbóná omi àti gígùn ọjọ́ òkun tí iyùn náà ti wá, títí iyùn fi tú ẹyin sínú omi láàárín ìlú London. Mo dúró níwájú gíláàsì wọn lọ́jọ́ kan títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Bí iyùn bá lè bímọ ní Forest Hill, kò yẹ kó máa kú báyìí ní Woolwich lábẹ́ ọwọ́ mi.

Aago 1:50

Mo pa gbogbo iná, mo yọ wáyà kúrò lára ògiri kí n tó ki ọwọ́ bọ omi. Mo ń yọ ohunkóhun tó lè ní irin nínú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tò ó sórí tówẹ́ẹ̀lì funfun. Híta: ó dán. Pọ́ǹpù ìsàlẹ̀: ọ̀pá inú rẹ̀ jẹ́ ṣẹ̀rámíìkì. Mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń nu gíláàsì: kò sán, kò ya. Ìdè páìpù: ike ni.

Ó ku ẹ̀rọ tó ń ru omi ní igun ẹ̀yìn, lẹ́yìn àpáta tó ga jù. Mágínẹ́ẹ̀tì méjì ló mú un mọ́ gíláàsì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Mo ní láti ṣí àpáta kí ọwọ́ mi tó dé ti inú.

Ó ti wú. Mo mọ̀ ọ́n lára kí ojú mi tó rí i. Irin tó bá dógùn-ún a máa gba àyè ju irin tó dá pé lọ, ó sì ti ti ike tó bò ó títí ìránpọ̀ rẹ̀ fi là, gígùn rẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò mi. Nígbà tí mo gbé e lé tówẹ́ẹ̀lì, omi pupa ṣàn jáde láti ojú ìlà náà.

Neodymium, irin àti boron ni wọ́n fi ń ṣe irú mágínẹ́ẹ̀tì yìí. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kíá ló ń dógùn-ún, nítorí náà wọ́n máa ń wọ aṣọ mẹ́ta fún un: nickel, bàbà, nickel, kí wọ́n tó fi ike bò ó. Bí ike bá là, omi iyọ̀ á wọlé. Kó tó dé ibi irin tó ń fi àwọ̀ pupa pariwo, ó ti jẹ aṣọ nickel àti bàbà kọjá, ó sì ti kó wọn sínú táǹkì ní ìdákẹ́jẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ náà kò dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Lójoojúmọ́ ló ń ru májèlé yẹn ká fún mi.

Aago 3:30

Mo fa lítà 75 jáde, mo da tuntun sí i. 34 ni mo po iyọ̀ rẹ̀ sí, kì í ṣe 35, kí ara àwọn tó kù má baà já lójijì. Mo kó kábọ́ọ̀nù tuntun sínú asẹ́, mo sì fi pádì tó ń mú irin sí ojú ibi tí omi ti ń ya gidigidi. Bí pádì yìí bá mú bàbà, ó máa ń di búlúù.

Lẹ́yìn náà mo gé orí ẹ̀ka Acropora náà mẹ́ta, ní ibi tí ẹran ara ṣì ti lẹ̀ dáadáa, mo fi gúlúù lẹ̀ wọ́n mọ́ òkúta kéékèèké. Inú àpótí ike pẹ̀lú omi tuntun, híta kékeré àti pọ́ǹpù kan ni mo kó wọn sí, n kò dá wọn padà sínú táǹkì.

Aago 6:45 ìrọ̀lẹ́

Mo fi ohun èlò ìdánwò bàbà tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù wo omi náà. Òdo ló kà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òdo yìí fi yín lọ́kàn balẹ̀: irú ohun èlò yẹn wà fún iye bàbà tó wà nínú oògùn ẹja, ojú rẹ̀ kò tó ìwọ̀nba tó ń pa iyùn. Mo bu omi tí mo ti fi pamọ́ láàárọ̀ sínú ìgò kékeré tí mo máa fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí kan ní Jámánì lọ́jọ́ Ajé. Èsì tó dé lẹ́yìn náà sọ pé bàbà àti nickel ti ga kọjá ààlà.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, etí pádì náà ti ń di búlúù. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n.

“O kú iṣẹ́,” ni wọ́n kọ padà. “Tún omi pààrọ̀ ní Ọjọ́rú. Sì wá edé yẹn.”

Aago 11:40 alẹ́

Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá edé náà lábẹ́ àpáta gbogbo. N kò rí i. Nínú àpótí ike, ẹ̀ka kan nínú mẹ́ta ti na ẹnu rẹ̀ díẹ̀ síta, àwọn méjì yòókù sé mọ́ra.

Mo ṣí ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ka iyùn, mo fa ìlà tuntun, mo kọ “ìgbín” sí orí rẹ̀. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì yí gíláàsì ká, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin.