Ṣé dandan ni kí olùdíje ààrẹ yọjú síbi díbéètì? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí ìbò tó dé

Bí ìbò ààrẹ bá ti ń sún mọ́lé ní Nàìjíríà, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jẹ yọ: ta ló máa wá síbi díbéètì, ta ni kò ní wá? Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn á to àga, wọ́n á ṣètò iná àti kámẹ́rà, àwọn èèyàn á jókòó ti ẹ̀rọ níbi tí iná bá wà. Àfìgbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á rí i pé àga ẹni tí wọ́n fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ gan-an ló ṣófo.

Ṣé òfin ò lè mú wọn ni? Ṣé ẹ̀rù ló ń ba ẹni tí kò wá, àbí ó ní ìdí tirẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní díbéètì orí tẹlifíṣàn?

Ìtàkùrọ̀sọ ni, níbi tí àwọn tó ń du ipò kan náà ti máa ń dúró síwájú aráàlú lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n á sì dáhùn ìbéèrè kan náà. Atọ́kùn ètò ló ń béèrè ọ̀rọ̀, òun náà ló ń ṣọ́ aago. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fún ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n máa fún ẹnì kejì. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, alátakò rẹ̀ wà níbẹ̀ tó lè já a ní koro lójú ẹsẹ̀.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ìpolongo ìbò nìyẹn. Níbi ìpolongo, olùdíje nìkan ló ń sọ̀rọ̀, àwọn tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ ló ń pàtẹ́wọ́, olórin á kọrin, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa nawọ́ sókè kó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ibo lowó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe é ti máa wá?"

Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí John Kennedy àti Richard Nixon kojú ara wọn nílùú Chicago. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 èèyàn ló wò ó. Nixon kò tíì pẹ́ tó kúrò ní ọsibítù nítorí orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ sì funfun. Ara Kennedy yá gágá ní tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tó gbọ́ ọ lórí rédíò ní Nixon ló sọ̀rọ̀ jù, pé àwọn tó wo tẹlifíṣàn ló ní Kennedy ni. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí àwọn olóṣèlú kọ́ níbẹ̀ ni pé ojú náà ń sọ̀rọ̀. Kennedy ló wọlé. Ọdún 16 gbáko ló kọjá kí wọ́n tó tún ṣe òmíràn, lọ́dún 1976.

Ní tiwa níbí, ti ọdún 1993 ni àwọn àgbà ò gbàgbé. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti ẹgbẹ́ SDP àti Alhaji Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC jókòó lórí NTA, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè lójú gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ tó wò ó ló gbà pé Abíọ́lá ló mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Nígbà tí ìbò June 12 dé, Abíọ́lá borí títí dé Kánò, ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè búra pé díbéètì ló fà á, nítorí pé ìlú mọ Abíọ́lá tẹ́lẹ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Babangida sì fagi lé ìbò náà lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹfà. Síbẹ̀, a rí i lọ́dún náà pé ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì tó ń du Nàìjíríà wojú ara wọn kí wọ́n sì sọ̀rọ̀.

Láti 1999, àga ta ló ṣófo?

1999: Olóyè Olú Fálaè yọjú, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti PDP kò wá. Ọbásanjọ́ ló wọlé.

2007: Umaru Yar'Adua ti PDP kò yọjú. Òun ló wọlé.

2011: Nígbà tí tẹlifíṣàn NN24 ṣe tirẹ̀ lóṣù Kẹta, Muhammadu Buhari, Nuhu Ribadu àti Ibrahim Shekarau wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ààrẹ Goodluck Jonathan kò lọ. Nígbà tí Jonathan wá yọjú sí èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ṣètò, àwọn mẹ́ta yòókù náà kọ̀, òun nìkan ló dá sọ̀rọ̀. Jonathan ló wọlé.

2015: Ó yí padà. Jonathan wá, Buhari ló kọ̀. Ẹgbẹ́ APC ní àwọn ò fọkàn tán àwọn tó ṣètò rẹ̀. Buhari ní ìbò 15,424,921, Jonathan ní 12,853,162.

2019: Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní, ní Àbújá, Ààrẹ Buhari kò wá. Atiku Abubakar ti PDP dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé Buhari ò sí níbẹ̀, ó ní òun náà ò ṣe mọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Oby Ezekwesili, Fẹlá Dúrótóyè àti Kingsley Moghalu ló ṣe é láàárín ara wọn. Buhari ló wọlé.

2023: Bọ́lá Tinúbú ti APC kò kópa nínú ìpàdé ìtagbangba tí Arise TV gbé kalẹ̀. Ó lọ sí Chatham House ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kejìlá 2022, níbi tó ti pín àwọn ìbéèrè kan fún àwọn tó bá a lọ pé kí wọ́n dáhùn. Òun ló wọlé, pẹ̀lú ìbò 8,794,726.

Ẹ tún un kà dáadáa. Nínú ìbò mẹ́fà yìí, kò sí èyí tí ẹni tó wọlé àti ẹni tó ṣe ìkejì ti jọ dúró lórí pèpéle díbéètì kan náà. Bẹ́ẹ̀ àwọn igbákejì ṣe é: lóṣù Kejìlá 2018, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò àti Peter Obi kojú ara wọn pẹ̀lú àwọn mẹ́ta míì, kò sẹ́ni tó bá ibẹ̀ lọ.

Kí ni òfin wí?

Òfin ìdìbò ọdún 2022 tí wọ́n lò fún ìbò 2023 kò fi dandan lé e pé kí olùdíje lọ síbi díbéètì kankan. Ohun tí abala 95 inú òfin náà sọ ni pé wọn ò gbọdọ̀ lo ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba láti ṣe ojúsàájú fún ẹgbẹ́ kan tàbí láti ta ko òmíràn, àti pé àkókò tí wọ́n ń fún àwọn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Nítorí náà, ìpè lásán ni díbéètì. Ẹni tó bá wù ú á lọ, ẹni tí kò bá wù ú á jókòó sílé, INEC ò sì lè bi í léèrè.

Kí ni àwọn tó ní kò pọn dandan ń sọ?

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe òfìfo. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ lè má mọ ìlú tò. Èkejì, ẹni tó ṣètò díbéètì lè ní ẹni tó ń ṣe lẹ́yìn, kó sì gbé ìbéèrè tó le fún ẹnì kan, kó gbé èyí tó rọrùn fún ẹlòmíì. Ẹ̀kẹta, olùdíje pọ̀ jù: 73 ló du ipò ààrẹ lọ́dún 2019, 18 lọ́dún 2023. Ta lẹ fẹ́ pè, ta lẹ fẹ́ fi sílẹ̀?

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí wọn kì í fẹnu sọ: ẹni tó gbà pé òun ti ń borí ò rí èrè kankan níbẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ dáadáa, ó kàn dúró síbi tó wà ni. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, fídíò rẹ̀ á kárí WhatsApp kílẹ̀ tó mọ́.

Ilẹ̀ òkèèrè ńkọ́?

Àwọn náà ń sá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2010 ni àwọn olórí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ṣe é lórí tẹlifíṣàn: Gordon Brown, David Cameron àti Nick Clegg. Wọ́n yin Clegg gan-an, síbẹ̀ àga ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé aṣòfin dín kù sí 57. Lọ́dún 2017, Theresa May kò lọ, ó rán Amber Rudd. Nígbà tí ìbò parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ọ̀pọ̀ tó ní nílé aṣòfin. Lọ́dún 2019, Boris Johnson kò yọjú sí ti Channel 4 lórí ojú ọjọ́, wọ́n bá gbé yìnyín ńlá sí ààyè rẹ̀, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó sì wọlé wọ̀ọ̀! Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2022, Raila Odinga kò wá, William Ruto nìkan ló dáhùn ìbéèrè, Ruto ló sì borí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní díbéètì ló ń gbé èèyàn wọlé, àbùmọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi nǹkan hàn. Lẹ́yìn díbéètì ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2024 láàárín Joe Biden àti Donald Trump, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Biden fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ní kó sinmi. Kí oṣù Keje tó parí, ó ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ìpolongo kò fi ohun tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú yẹn fi hàn ọmọ Amẹ́ríkà hàn wọ́n.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n lọ?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí olùdíje bá kọ̀ láti wá, ńṣe ló ń sọ aráàlú di irú àgbà bẹ́ẹ̀ tipátipá. Bí ẹ̀sùn pé olùṣètò ń ṣègbè bá wà, àtúnṣe rẹ̀ ni kí àwọn ẹgbẹ́ jọ yan atọ́kùn kí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí ìlànà, kì í ṣe pé kí gbogbo wọn jókòó sílé. Bí olùdíje bá pọ̀, ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí. Ní ti pé ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ niṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di ààrẹ ló máa bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yanṣẹ́ lódì sọ̀rọ̀, tó sì máa bá àwọn olórí orílẹ̀-èdè míì dúnàá-dúrà. Iṣẹ́ ẹnu wà nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀ràn kan tún wà tí wọn kì í sábà dárúkọ: èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà, bàbá tó ń wa tasí, wọ́n ní káàdì ìdìbò, ìbò wọn sì dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ò ye wọn. Lọ́dún 2018, BBC Yorùbá ṣe ti àwọn olùdíje gómìnà ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun lédè Yorùbá, ó sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Fún ti ààrẹ, ó kéré tán, kí ògbufọ̀ máa sọ ọ́ lórí rédíò lójú ẹsẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti pídíjìn.

Kí lẹ máa fetí sí?

Bí wọ́n bá ṣe é, ẹ má wo ẹni tó ń pariwo jù. Ẹ fetí sí nǹkan mẹ́rin. Ṣé ìbéèrè tí wọ́n bi í ló dáhùn, àbí ó yà bàrá? Ṣé ó sọ ibi tówó ti máa wá? Ṣé ó dárúkọ ìgbà tó máa parí rẹ̀? Nígbà tí wọ́n já a ní koro, ṣé ó ní àlàyé, àbí èébú ló bú?

Bí wọn ò bá sì wá, ẹ rántí pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá tọrọ ìbò ní àdúgbò yín. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n dáhùn lórí tẹlifíṣàn, ẹ lè bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Aṣojú wọn tó bá wá sórí ètò wa náà, ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀gá lé wa lórí fún ọdún mẹ́rin, wákàtí méjì tá a ní kó fún wa kò pọ̀ jù.