Níbo Ni Ká Fi Orúkọ Sí?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi tí a bí sí etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fẹ́ fi kan kún un: bí a bá ti sọ nǹkan lórúkọ tán, a tún ní láti mọ ibi tí a ó fi orúkọ náà sí. Ìtàn bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe kọ́ láti fi orúkọ sí ara ohun tí ojú lásán kò lè rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó kan ilé wa gan-an.

Apẹja ni bàbá mi. Bí wọ́n bá dẹ àwọ̀n sínú omi, wọn a so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn kí ó máa léfòó lókè. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ni ó ń sọ fún ọlọ́kọ̀ mìíràn pé àwọ̀n wà nísàlẹ̀. Bí okùn rẹ̀ bá kúrú jù, omi á gbé kẹ́ẹ̀gì mì, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí ó bá gùn jù, ìgbì á gbé e jìnnà sí àwọ̀n, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì á sì gba ibi tí kò sí àmì kọjá, á fa àwọ̀n ya. Bàbá mi a máa sọ pé, "Kẹ́ẹ̀gì kọ́ la wá pa lódò, ẹja ni."

Àbúrò mi ọkùnrin ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ìyá mi bi mí pé, "Ìwọ tí o ń kàwé, ibo gan-an ni àìsàn yìí wà lára ọmọ mi?" Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì gbé àwòrán himoglóbìn jáde nínú PyMOL, ètò tí a fi ń wo àwọn mólékù. Kí n lè ṣe bí ọ̀mọ̀wé, mo ní kí ó kọ orúkọ gbogbo ibi tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà bo àwòrán náà bí koríko orí omi ṣe ń bo odò wa. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Lẹ́tà ni mò ń rí o. Ibi tí mo béèrè ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ láyé. Láyé àtijọ́, ara ọmọ ni àwọn baba wa fi orúkọ àìsàn náà sí. Wọ́n pe ọmọ tí ń kú tí ń padà wá ní àbíkú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòkúmọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fòníkú-fọ̀ladìde ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ní 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Àmì kúrò lára ọmọ, ó bọ́ sára ẹ̀jẹ̀. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú himoglóbìn ni àbùkù náà wà. Ní 1956 àti 1957, Vernon Ingram ní Cambridge tọ́ka sí ibi kan ṣoṣo. Okùn mẹ́rin ni himoglóbìn ní, ẹyọ 574 ni ó sì wà lára wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Lára okùn tí wọ́n ń pè ní beta, tí ó ní ẹyọ 146, ẹyọ kẹfà yí padà: valine gba ipò glutamic acid. Glutamic acid fẹ́ràn omi. Valine ń sá fún omi bí epo. Nígbà tí himoglóbìn bá ti tú ọ́síjìn sílẹ̀, valine yìí á wọ ihò kan lára himoglóbìn mìíràn, wọn á so kọ́ra, ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe fi ẹyọ kan hàn láàárín 574? Nígbà tí John Kendrew kọ́ àwòṣe myoglobin, ìbátan himoglóbìn, nǹkan bí 2,500 ọ̀pá irin ni ó gbé dúró, ó sì fi àgékù aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe àmì sí wọn. Láti ọ̀nà jíjìn, igbó ni ènìyàn ń rí. Ní 1962, Eduard Imhof, ayàwòrán ilẹ̀ ará Switzerland, to òfin ibi tí orúkọ gbọ́dọ̀ wà lórí máàpù sílẹ̀: kí ó wà lápá ọ̀tún, lókè díẹ̀, kí ó má bo ohun tí ó ń jẹ́. Orí omi ni ó ní kí a kọ orúkọ ìlú etí òkun sí. Òfin yìí ni yóò gbé orúkọ Ayétòrò wa, tí a tẹ̀ dó ní 1947, sórí òkun.

Máàpù kì í yí, mólékù ń yí. Nígbà tí RasMol tí Roger Sayle ṣe jáde ní 1993, tí PyMOL ti Warren DeLano sì tẹ̀ lé e ní 2000, ẹnikẹ́ni tí ó ní kọ̀ǹpútà lè yí mólékù síwá sẹ́yìn. Bí orúkọ bá wà láàárín átọ́ọ̀mù gan-an, átọ́ọ̀mù mìíràn lè bò ó bí àwòrán bá ti yí. Bí a bá gbé e jìnnà jù, a kò ní mọ ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì bàbá mi náà ni. Ọgbọ́n PyMOL ni pé ó so orúkọ mọ́ átọ́ọ̀mù, ó sì jẹ́ kí a sún lẹ́tà sí ọ̀tún, sókè, tàbí síwájú sọ́dọ̀ ẹni tí ń wò ó. Bí mólékù bá yí, orúkọ á bá a lọ, ojú lẹ́tà á sì máa kọ sí wa. A tún lè fa ìlà láti ara lẹ́tà dé ara átọ́ọ̀mù, bí okùn kẹ́ẹ̀gì.

Mo pa gbogbo orúkọ rẹ́. Mo fi àwọ̀ eérú kun himoglóbìn, mo fi pupa kun ẹyọ kẹfà nìkan. Mo kọ "Valine 6" sí i, mo sún un sápá ọ̀tún, mo gbé e wá síwájú, mo sì fa ìlà kan. Mo tún pe ìyá mi.

Wọ́n fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ibi kékeré yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ̀yin àti bàbá, AS ni yín. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní i, kò yọ yín lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ yín méjèèjì ni àbúrò mi ti gbà á."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Nígbà tí wọ́n ń pè é ní àbíkú, èmi ni gbogbo wọn ń wò."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó. Ẹyọ kẹfà ni a ó kọ orúkọ àìsàn yìí sí, kì í ṣe orí ìyá ẹnikẹ́ni.