Ogun Dàhòmì ní Ẹnubodè Àrò

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, orúkọ Àrò kì í ṣe àjèjì sí yín. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, ilé ìwòsàn ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, ẹnubodè Àrò ni a ti mọ̀ bóyá Abẹ́òkúta yóò dúró tàbí yóò di ahoro.

Ìlú náà kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà náà. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò ní ìlú wọn ni wọ́n sá wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ni ó sì ṣáájú wọn. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Gezo ọba Dàhòmì ti wà lórí ìtẹ́ láti 1818. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ ogun rẹ̀ a jáde lọ kó ìlú, wọn a sì ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá mú fún àwọn olówò ẹrú létí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Gezo sì ní ẹ̀dùn mìíràn sí àwọn Ẹ̀gbá. Ní 1844, nígbà tí wọ́n ń bá Adó jà, wọ́n ká ogun Dàhòmì mọ́ lójijì. Díẹ̀ ni ó kù kí ọwọ́ tẹ ọba fúnra rẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀ àti agboorùn rẹ̀ sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọba tí àpótí rẹ̀ wà nílé ọ̀tá, oorun wo ni yóò sùn?

Ọgbọ́n ogun Dàhòmì ni pé wọn kì í jẹ́ kí a rí wọn. Òru ni wọ́n ń rìn, wọn a yí ìlú ká, kí àkùkọ tó kọ wọn a ti wọ inú ilé. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí Abẹ́òkúta, èmi kò rò pé à bá máa sọ ìtàn yìí. Odi ìlú kò ga, apá kan rẹ̀ sì ti wó lulẹ̀ láìtún un ṣe.

Ibi tí Ìṣàgá ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìlú kékeré ni, ó wà lójú ọ̀nà tí ogun náà ń gbà bọ̀, kò sì lè bá Gezo jà. Àwọn ará Ìṣàgá túúbá, wọ́n sì ṣe bí ọ̀rẹ́. Wọ́n wá gba àlejò wọn ní ìmọ̀ràn: ẹ má lọ lóru, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn bá mú, ẹnubodè Àrò sì ni kí ẹ kọjú sí. Àrò yìí gan-an ni ibi tí odi ti dára jù. Bí wọ́n ti ń sọ èyí lọ́wọ́, wọ́n ti ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta.

Ọmọ ogun tí ó dé tó nǹkan bí 16,000 gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n rí wọn ti ṣírò, nǹkan bí 6,000 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n le jù nínú ogun Dàhòmì. A ti kọ́ wọn láti kékeré pé ikú sàn ju ẹ̀yìn yíyí padà lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà wọ́n kọ lu odi, wọ́n bọ́ sínú yàrà, wọ́n ń gun ògiri. Àwọn Ẹ̀gbá kò tètè mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá jà, àfi ìgbà tí wọ́n mú ọ̀kan tí wọ́n sì rí i pé obìnrin ni. Ìtìjú pọ̀ mọ́ ìbínú, ni ìjà bá gbóná sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òkú Dàhòmì tí ó wà lẹ́sẹ̀ odi lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Àwọn kan a máa sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó ni ó gba Abẹ́òkúta là. Òótọ́ ni pé John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti wá ní oṣù kìíní ọdún náà láti kìlọ̀ pé ogun ń bọ̀, àti pé Bowen, oníwàásù ará Amẹ́ríkà tí ó ti jagun rí, wà láàárín ìlú tí ó ń gbà wọ́n níyànjú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Bowen kò lè sọ òru di ọ̀sán. Ìṣàgá ni ó ṣe é.

Gezo sá lóru, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e. Nígbà tí ó dé Ìṣàgá, àwọn ọ̀rẹ́ àná gbé ìbọn sí i; ìjà ibẹ̀ sì le púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn ogun Hitler yóò mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1941 ni ogun Jámánì wọ Rọ́ṣíà pẹ̀lú ọmọ ogun tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Wọn kò rí Moscow gbà, wọ́n sì túúbá ní Stalingrad ní 1943. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, àwọn abúlé tí ó ran àwọn ajagun inú igbó lọ́wọ́ ni wọ́n ń dáná sun. Ìlú ńlá a yè, abúlé a san owó rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni Dàhòmì fi ń ka gbèsè Ìṣàgá. Gezo ti kú ní 1858, Glele ọmọ rẹ̀ ti jọba. Ní 1862 ó bọ́ sí Ìṣàgá, ó pa á run, ó sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Abẹ́òkúta kò gbà wọ́n sílẹ̀. Ogun Ìjàyè ni ó gbà wọ́n lọ́kàn nígbà náà, èyí sì jẹ́ àwáwí tí mo gbọ́ tí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864, Glele wá sí Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Kò sí Ìṣàgá lójú ọ̀nà mọ́ láti tàn án jẹ, ṣùgbọ́n ìlú ti mọ̀ pé yóò wá. Ìyáàfin Tinúubú, oníṣòwò ńlá nì tí a lé kúrò ní Èkó ní 1856, pèsè ohun ìjà fún àwọn jagunjagun. Nítorí èyí ni wọ́n fi fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ìjà náà kò pẹ́. Glele sá bí baba rẹ̀ ti sá.

Ìṣàgá Oríle wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ènìyàn tún padà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kó lọ ní 1862 kò fi ojú kàn án mọ́.