Ìtàn Orin Àtà

Lí ayé àwọn baba wa, fífọ ẹnu ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáradára kì í kí àgbà kí ó tó run orin. Nínú àwọn igi tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí, àtà jẹ́ ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀. Ó tọ́ kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó kan ohun tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ìyá lẹ́kún.

Igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún ni àtà. Ìbátan ọsàn sì ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀ yóò gbọ́ òórùn bí ti èèpo ọsàn. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó sì funfun díẹ̀. Èso rẹ̀ a máa là, irúgbìn dúdú kan tí ń dán a sì yọ. Ó ń hù láti ilẹ̀ Senegal títí dé Kamẹrúùnù, ní ọ̀dàn àti ní ìgbẹ́ etí òkun. Gbòǹgbò rẹ̀ ni a sábà ń gé ṣe orin. Ó pupa rúsúrúsú, ó ń ta lí ẹnu, ahọ́n a sì kú fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìgbà náà, ìyá a bí ọmọ, ọmọ a máa ṣàìsàn léraléra, egungun a máa ro ó, a sì kú kí ó tó dàgbà. Bí èyí tí a bí tẹ̀lé e bá tún kú, wọn a ní abíkú ni. Wọn a fi àpá sí òkú rẹ̀ lí ara, ìyá a sì gbé ẹ̀gàn mọ́ ọ̀fọ̀. Kí a má ṣe fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fún lí orúkọ. Ibà àti ìgbóná pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó pa wọ́n.

Lí ọdún 1910, Dókítà James Herrick ti ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada, ẹni tí hóró inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Lí ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n gan-an ni ó yàtọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì kí ara wọn sì le. Síbẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ yóò ní àrùn náà.

Níhìn-ín ni àtà ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ń wádìí agbára tí orin ní lórí kòkòrò ẹnu. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi gbòǹgbò àtà kàn kò tètè pa àwọ̀ dà. Lí ọdún 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé, nínú ìgò àyẹ̀wò, omi náà ń mú hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ padà sí bí ó ti yẹ. Lí ọdún 1975, wọ́n tẹ ìròyìn àkọ́kọ́ jáde nípa lílò rẹ̀ fún àwọn aláìsàn.

Àwọn baba wa ní, bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Títí di òní, àtà kò tíì di oògùn tí ń mú àrùn náà kúrò pátápátá; nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, kí àwọn tí ń fẹ́ra sọ́nà sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó.

Ohun kan ṣẹ́kù. Ẹni tí ó hú gbòǹgbò igi tán ti pa igi náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbin àtà sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí ohun tí àwọn baba wa mọ̀ má bàa run kí a tó mọ gbogbo ìwúlò rẹ̀.