Sẹ́ẹ̀lì Pupa Inú Ẹ̀jẹ̀

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn, sẹ́ẹ̀lì pupa ló pọ̀ jù. Mùdùnmúdùn egungun ló ń ṣe é, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí kì í sábà lò ju 120 ọjọ́ lọ láyé.

Kí ó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ti pọ kóró inú rẹ̀ dànù, tàbùdá-tàbùdá. Kò lè bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Hẹmoglóbíìnì ló gba àyè inú rẹ̀: èròjà pupa tó ní irin nínú, tó ń gbé ọ́síjìn láti ẹ̀dọ̀fóró lọ bá ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti iṣan.

Bí ọ́síjìn bá dín kù, kíndìnrín ló ń tètè mọ̀. Yóò tú họ́mọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀, mùdùnmúdùn yóò sì tẹra mọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé ìtọ̀ nìkan ni kíndìnrín wà fún kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbẹ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kan tóóró ju sẹ́ẹ̀lì yìí lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ká kó tó kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń jà. Nínú ásíìdì àmínò 146 tó so kọ́ra di ẹ̀ka béta hẹmoglóbíìnì, ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀kẹfà, ló yàtọ̀. Vernon Ingram ló rí i ní Cambridge ní 1956. Bí hẹmoglóbíìnì bẹ́ẹ̀ bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì á le, á tẹ̀ bíi dòjé, á há. Egungun á máa ro aláìsàn gan-an. Ọmọ tuntun kì í tètè mọ̀ ọ́n lára, torí hẹmoglóbíìnì tó gbé wá láti inú oyún ṣì ń gbà á. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ni pé ó jogún àbùdá àrùn yìí lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Ara irú wọn sábà máa ń le koko, ibà kì í sì í tètè pa wọ́n lọ́mọdé, gẹ́gẹ́ bí Anthony Allison ṣe fi hàn ní 1954. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe lọ́nà kan nínú mẹ́rin kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ni pé kó ní àrùn náà. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀.