Àyẹ̀wò Kòkòrò HIV àti Àníyàn Ẹni tó Ń Dúró de Èsì

Àyẹ̀wò HIV ni ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn éèdì wà lára ènìyàn. Ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris ṣàwárí kòkòrò náà, nígbà tó sì di oṣù Kẹta ọdún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ wò kí wọ́n tó fà á sí aláìsàn lára. Àyẹ̀wò ti yá ju ti ìgbà náà lọ, síbẹ̀ kò tí ì sí èyí tó lè rí kòkòrò náà ní ọjọ́ tó wọ ara, inú àlàfo yìí gan-an sì ni àníyàn ti ń gbilẹ̀.

Ohun tó fa àlàfo náà ni pé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀; èròjà agbóguntàrùn tí ara ń ṣe láti fi bá a jà ni wọ́n ń wá, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó pọ̀ tó ohun tí a lè rí. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀, tí a fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka tàbí omi ẹnu ṣe, sábà máa ń nílò ọjọ́ 23 sí 90 lẹ́yìn tí kòkòrò ti wọlé. Èyí tí ilé àyẹ̀wò fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ṣe, tó ń wá agbóguntàrùn pọ̀ mọ́ p24, ìyẹn èròjà kan tó jẹ́ ara kòkòrò náà, lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ló yá jù, láàárín ọjọ́ 10 sí 33, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá sọ pé kòkòrò wà, ìyẹn nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́, nítorí a ní láti fi irú àyẹ̀wò mìíràn fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kí a tó dé orí àyẹ̀wò rárá, wákàtí 72 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó lè kó kòkòrò ranni ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí kọ́ńdọ́ọ̀mù bẹ́ mọ́ lára, tàbí nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ aláìsàn gún, lè gba oògùn ìdènà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní PEP, tí a ó lò fún ọjọ́ 28 gbáko. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Bí wákàtí 72 bá kọjá, a kì í sábà fún ènìyàn mọ́.

Ìbẹ̀rù kì í tẹ̀lé ìṣirò. Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò bá gún òṣìṣẹ́ ìlera, nǹkan bí mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ̀rún irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń yọrí sí àkóràn, ẹ̀fọn kì í sì í gbé e kiri, bẹ́ẹ̀ ni àjọjẹ kì í ràn án. Àmì àkóràn tuntun, bí ara gbígbóná, ọ̀fun dídùn àti ara sísú, lè jọ ti àwọn àìsàn mìíràn tó pọ̀ nílẹ̀ wa. Àníyàn fúnra rẹ̀ náà a sì máa mú òógùn bo ènìyàn, a máa mú kí àyà já, kí oorun dá, kí inú máa run. Nítorí náà, wíwo ara nínú dígí láràárọ̀ kò lè dáhùn ohun tí ẹ̀jẹ̀ nìkan lè dáhùn. Àyẹ̀wò àyẹ̀túnyẹ̀ lẹ́yìn tí gbèdéke ti pé náà kì í fọkàn balẹ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ohun tó sàn ni kí olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwòsàn bá ẹni náà dá ọjọ́ àyẹ̀wò kan pàtó, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnìkan tó fọkàn tán, kí ó máa lo kọ́ńdọ́ọ̀mù, kí ó má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ títí èsì yóò fi jáde. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ohun tí a ń dúró de èsì fún. Ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹnu aráyé lè ba ènìyàn lẹ́rù ju àrùn náà lọ. Nígbà tí gbajúgbajà olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, kéde ní gbangba pé éèdì ló fa ikú rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ìgbà náà ì bá fi pamọ́. Òfin ọdún 2014 kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ béèrè èsì àyẹ̀wò HIV kí ó tó gba ènìyàn sí iṣẹ́. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá sì fi hàn pé ó ní kòkòrò náà lónìí ń bẹ̀rẹ̀ oògùn láìpẹ́, bó bá sì ń lò ó déédéé títí kòkòrò fi dín kù débi tí àyẹ̀wò kò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn.